ÈÈKÙ NI ÌBẸ̀RẸ̀: BÍ A ṢE LÈ ṢE ÀWÒṢE IDÀ ÌMỌ́LẸ̀ NÍ AGBÈGBÈ ALÁÚSÁ

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọ̀rọ̀ ogun àti ọ̀rọ̀ ipò ni àwọn àgbà sábà máa ń lo òwe yìí fún, ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Èèkù ni ọwọ́ kọ́kọ́ ń bà lára idà. Ẹni tí kò mọ èèkù dì mú, bí idà rẹ̀ mú bí abẹ, kò lè fi ṣe ohunkóhun. Nínú irú idà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú àpilẹ̀kọ yìí, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé èèkù nìkan ni irin níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo ìyókù.

Idà tí mo ń wí ni idà ìmọ́lẹ̀ inú sinimá Star Wars, tí George Lucas darí, tí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù karùn-ún ọdún 1977. Ìtàn àròsọ tí a gbé ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni sinimá náà. Ọkọ̀ ń fò láti ìràwọ̀ kan dé òmíràn níbẹ̀, ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, idà àwọn jagunjagun ibẹ̀ sì ń tàn yòò bí iná. Láti ìgbà náà ni tọmọdé tàgbà káàkiri ayé ti ń ṣe àwòṣe idà yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ Èkó kò sì gbẹ́yìn. Láti ọdún 2012 tí ìpàtẹ Lagos Comic Con ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń rí ibi tí wọ́n lè wọ aṣọ àwọn akọni inú ìtàn lọ, kí wọ́n sì gbé ohun ìjà àwòṣe lọ́wọ́.

Ìbéèrè tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ máa ń béèrè kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé, níbo ni òun yóò ti rí ohun èlò? Èkejì ni pé, ṣé òkè òkun kọ́ ni a ti ń fi owó dọ́là rà á? Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú ṣòkòtò wa. N óò kọ́kọ́ sọ ibi tí idà náà gan-an ti ṣẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni n óò sọ ìdí tí Aláúsá àti agbègbè rẹ̀ fi bá iṣẹ́ yìí mu, n óò to ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, n óò ka àwọn ewu inú rẹ̀, n óò sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí orúkọ tí ó yẹ kí a pè é ní èdè wa kádìí rẹ̀.

Ibi tí idà ìmọ́lẹ̀ ti ṣẹ̀ wá

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé rò pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni ó rọ idà náà fún àwọn tó ya sinimá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Roger Christian, ọ̀kan nínú àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wá ohun èlò sí ojú eré, ni wọ́n bi pé kí ó wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ idà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ya apá tó pọ̀ nínú sinimá náà, owó tó wà nílẹ̀ fún ohun èlò kò sì tó nǹkan. Nínú ilé ìtajà àwọn ayàwòrán kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni Christian ti rí àwọn ọ̀pá irin dídán kan tí ilé-iṣẹ́ Graflex ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe. Láyé àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà ni àwọn oníròyìn máa ń so irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń ki bátìrì ńlá mẹ́ta sí, gílóòbù tó ń kọ mànà sì máa ń wà lórí rẹ̀. Christian lẹ rọ́bà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yí ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà ká kí ọwọ́ lè rí i dì mú, ó mú ike kékeré kan láti ara ẹ̀rọ ìṣirò, ó fi há ara rẹ̀, ó sì fi òrùka kan sí ìdí rẹ̀ kí ó lè ṣeé fi kọ́ ìgbànú. Idà dé!

Idà ti àgbà jagunjagun tí ń jẹ́ Obi-Wan Kenobi tún yà wá lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkójọ àlòkù ni. Apá kan wá láti ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, apá kan láti ara àdó olóró àtijọ́, apá kan sì jẹ́ orí ẹ̀rọ omi, irú èyí tí à ń yí kí omi tó dà. Ti Darth Vader, ọ̀tá wọn, ọ̀pá iná kámẹ́rà mìíràn ni. Ní ọdún 1978, àwọn tó ṣètò ojú eré sinimá náà, tí Christian wà lára wọn, gba ẹ̀bùn Oscar.

Ojú idà ńkọ́? Igi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Wọ́n fi ohun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bò ó lára, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré máa yí i nínú èèkù kí ó lè máa kọ yẹ̀rì. Ìgbà tí wọ́n ya àwòrán tán ni àwọn ayàwòrán wá fi ọwọ́ kun ìmọ́lẹ̀ lé e lórí, àwòrán kan tẹ̀lé òmíràn. Ìró rẹ̀ tó ń kùn hùùù, Ben Burtt ni ó ṣe é. Ó po ìró ẹ̀rọ tí a fi ń gbé sinimá sójú ògiri pọ̀ mọ́ ariwo tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé jáde nígbà tó súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ níbí. Èkíní, ohun tí Christian ní ju ẹlòmíràn lọ ni ojú. Ó wo àlòkù, ó sì rí idà nínú rẹ̀. Èkejì, ohun tí òṣèré dì mú kò ju èèkù àti ọ̀pá lásán lọ, kì í ṣe ohun tí òǹwòran rí. Nítorí náà, olùbẹ̀rẹ̀ tó kọ́kọ́ sáré tọ iná lọ ti fi ẹ̀yìn síwájú. Èèkù ni kí ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí àwa náà. Láti ọdún 1945 tí Hubert Ògúndé ti dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ni àwọn eléré alárìnká wa ti ń fi páálí, pákó, ọ̀dà àti aṣọ dá ààfin àti igbó ńlá sílẹ̀ lójú òǹwòran. Ní àkókò tiwa yìí, àwọn ọmọ tí ń jẹ́ Ikorodu Bois ní Ìkòròdú ti fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù àti ohun èlò ilé ìdáná ṣe àfarawé sinimá òyìnbó. Ní ọdún 2020, èyí tí wọ́n ṣe láti inú sinimá Extraction dé etí àwọn tó ya sinimá náà gan-an. Ẹni tó bá ní ojú inú, kì í wá ohun èlò tì.

Ìdí tí Aláúsá fi bá iṣẹ́ yìí mu

Bí a bá dárúkọ Aláúsá, ọ́fíìsì ìjọba ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kó jọ sí lẹ́yìn tí wọ́n gbé olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà lọ sí Ìkẹjà ní ọdún 1976. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ni ó yí i ká. Láti Agídíngbí lọ dé Ọ̀gbà, láti òpópónà Ọba Akran dé Agége, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe nǹkan ni, láti ìgbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Òpópónà Ọba Akran ni ilé-iṣẹ́ Vitafoam, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, ti ń ṣe fóòmù. Òpópónà náà ni Berger Paints ti ń po ọ̀dà. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980, wà ní Agídíngbí. Bí a bá sì rìn díẹ̀ sí i, a óò dé Ọ̀tìgbà, níbi tí ọjà kọ̀ǹpútà wà, tí a ti lè rí wáyà, súìsì àti iná LED rà ní ẹyọ ẹyọ.

Òótọ́ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti kógbá wọlé. Ní ọdún 2008 ni Dunlop dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà, kì í sì í ṣe òun nìkan. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ bá tì, ọwọ́ tó mọṣẹ́ kì í tì. Ẹ wọ àdúgbò èyíkéyìí lẹ́yìn òpópónà ńlá, ẹ óò rí ajórin, káfíńtà, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ omi, àwọn tó ń lu ara ọkọ̀ tó wọ́, àti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin róbótó. Ọ̀dọ̀ wọn ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí wà.

Ọ̀nà tí a ó gbà tọ̀ wọ́n lọ ṣe pàtàkì púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó bá dé ṣọ́ọ̀bù, tó ń pàṣẹ nítorí pé ó kàwé, òfo ni yóò mú bọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ògún á gbè yín o. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá àjákù páìpù tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, eré ni mo fẹ́ fi ṣe," wọn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọn á sì bi wá pé irú eré wo nìyẹn. Kí á yára yọ àwòrán tí a yà jáde. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá ti rí àwòrán, ọkàn rẹ̀ ti wọ inú iṣẹ́ náà nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá àbá wá pé, "Àbúrò, tó o bá ṣe é báyìí, kò ní dúró."

Àwọn ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà

(i) Yíyan idà kan àti yíyàwòrán rẹ̀. Kí olùbẹ̀rẹ̀ mú idà kan ṣoṣo, kí ó má ṣe da ti ẹni méjì pọ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó mú èyí tó jẹ́ ọ̀pá gbọọrọ kan, bí irú ti Graflex, kí ó fi ti Obi-Wan, tó ní kókó àti ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Kí ó wá àwòrán rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè àti láti ìdí. Lẹ́yìn náà, kí ó yà á sórí páálí bí ó ṣe tóbi gan-an.

Báwo ni a ṣe fẹ́ mọ bí ó ṣe tóbi nígbà tí a kò rí ojúlówó rẹ̀? Kí a wá ohun tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ lára rẹ̀. A ti sọ pé bátìrì ńlá mẹ́ta ni ọ̀pá Graflex ń gbé mì. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀, tí àwọn ìyá wa ń fi sínú tọ́ọ̀ṣì ńlá, fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3.4, ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6.1. Bí a bá to mẹ́ta léra, ó lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 18. Èyí fi yé wa pé inú ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 3.4 lọ, ibi tí bátìrì ń gbé kò sì lè kúrú ju 18 lọ. Nígbà tí a bá ti mọ ìyẹn, a lè fi rúlà wọn gbogbo ìyókù lára àwòrán, kí á sì ṣírò rẹ̀.

(ii) Èèkù. Ohun méjì ni ó wà níwájú olùbẹ̀rẹ̀. Èkíní ni páìpù ike tí à ń fi fa omi. Ó rọrùn láti fi ayùn gé, kò sì wọ́n. Èkejì ni páìpù irin dídán tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi máa ń fi sábẹ́ béèsìnì ìfọwọ́. Èyí dára púpọ̀ nítorí pé kò nílò ọ̀dà. Dídán tó ń dán yẹn gan-an ni à ń wá. Ó yẹ kí a rántí orí ẹ̀rọ omi tó wà lára idà Obi-Wan. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi ti bá wa ṣe ìlàjì iṣẹ́ náà tán.

Kí a ṣọ́ra nípa ìwọ̀n páìpù. Iye íǹṣì tí ọlọ́jà ń pe páìpù kì í sábà jẹ́ iye tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ gan-an. Páìpù ike tí wọ́n ń pè ní íǹṣì kan, bí a bá fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn, ó máa ń ju íǹṣì kan lọ. Nítorí náà, kí a mú rúlà dání lọ sọ́jà, kí a sì mú páálí tí a ya àwòrán sí dání. Kí á gbé páìpù lé àwòrán kí á tó sanwó.

(iii) Ibi ìdìmú. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tó ti gbó ni kò wọ́n jù fún èyí. Kí a gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìwọ̀n kan náà. Kí a fi páálí yí páìpù ká lẹ́ẹ̀kan, kí a pín gígùn páálí náà sí iye rọ́bà tí a fẹ́ lẹ̀, kí á sì sàmì sí i. Bí a kò bá ṣe èyí, tí a kàn ń fi ojú díwọ̀n, rọ́bà tó kẹ́yìn kò ní ríbi jókòó sí. Gọ́ọ̀mù tí àwọn onísàlúbàtà ń lò ni ó dára jù. Kí a fi pa páìpù, kí a fi pa rọ́bà, kí a dúró títí tí kò fi ní máa lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí á tó tẹ méjèèjì pọ̀. Ìkánjú ni ó máa ń ba ibí yìí jẹ́.

(iv) Kíkùn. Bí páìpù ike ni a lò, ara rẹ̀ máa ń yọ̀, ọ̀dà kì í fẹ́ dì í mú. Kí a fi sáńpépà kíkún ha á, kí a fi èyí tó kúnná tẹ̀lé e, kí a fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni a óò fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i, kí á tó fín ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà. Kí ó fẹ́lẹ́, kí ó tún tún. Ìyẹn ni pé kí a fín in díẹ̀, kí ó gbẹ, kí á tún fín in. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀dà mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò rí i tó ń ṣàn bí omijé. Kí rọ́bà tó dé ara páìpù ni kí kíkùn ti parí.

(v) Ojú idà. Fún olùbẹ̀rẹ̀, ọ̀pá ike funfun tó fúyẹ́, tó wọ inú èèkù dáadáa, ti tó. Lórí ìtàgé, bí a bá kùn ún ní àwọ̀ búlúù tàbí pupa tó mọ́lẹ̀, tí iná ìtàgé bá sì bà á, yóò ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ti mọ iṣẹ́ náà dunjú máa ń lo ọ̀pá polycarbonate, tí iná lè là kọjá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì kan, tí gígùn rẹ̀ sì máa ń wà láàárín íǹṣì 32 sí 36. Kò rọrùn láti fọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yàn án. Wọ́n máa ń ki ọ̀rá tó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká sínú rẹ̀ kí iná má baà mọ sí ìdí nìkan, wọn á sì fi ike róbótó dí ṣóńṣó rẹ̀, kí ó má bàa gún ènìyàn lójú.

(vi) Iná. Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti parí ni kí a tó ronú iná. Tọ́ọ̀ṣì LED kékeré tó bá wọ inú páìpù ni ó rọrùn jù. Kí a tì í sínú èèkù, kí orí rẹ̀ kọjú sí ìdí ọ̀pá tó ń jẹ́ kí iná là kọjá, kí ibi tí a ń tẹ̀ sì wà níta. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iná ṣe ń ṣiṣẹ́ lè fi LED kékeré aláwọ̀ búlúù kan àti bátìrì kékeré mẹ́ta dánrawò. Bátìrì mẹ́ta jẹ́ fóólìtì 4.5. LED búlúù ń fẹ́ nǹkan bí 3.2. Ó ku 1.3. Bí a kò bá fẹ́ kí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ju áḿpù 0.02 lọ, a óò pín 1.3 sí 0.02, yóò fún wa ní 65. Rẹsítọ̀ 68 ohm, tó súnmọ́ ọn jù lọ́jà, ni a óò rà. LED kan bẹ́ẹ̀ kò lè tan gbogbo ojú idà, ìdí èèkù nìkan ni yóò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é ti mọ ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe lè fi bí a ṣe ń fi òjé lẹ wáyà hàn wá láàárín wákàtí kan.

Àwọn ewu tó wà nínú rẹ̀

Idà àwòṣe ni, ṣùgbọ́n ewu inú rẹ̀ kì í ṣe àwòṣe. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi gílóòbù gbọọrọ tó ti jó ṣe ojú idà. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọdé máa ń mú un láti orí ààtàn, tí wọ́n á máa fi jà, nítorí pé ó jọ idà náà gan-an. Dígí ni, mẹ́kúrì tó jẹ́ májèlé sì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá fọ́, a óò fa májèlé náà símú.

Èkejì, kí a má ṣe fi iná tẹ páìpù ike. Bí ó bá jó, èéfín rẹ̀ ní ásíìdì tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìta gbangba ni kí a ti fín ọ̀dà, kí a sì bo imú. Ẹ̀kẹta ni bátìrì tí wọ́n tú láti inú kọ̀ǹpútà àlòkù. Wọn kì í wọ́n, agbára wọn sì pọ̀, ṣùgbọ́n bí wáyà wọn bá kan ara wọn, wọ́n lè gbiná lọ́wọ́ ẹni. Kí olùbẹ̀rẹ̀ dúró sí ọ̀dọ̀ bátìrì tọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀kẹrin ni ó kan ẹgbẹ́ bíi tiwa jù, nítorí pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kì í fi eré onítàn ṣeré. Ó yẹ kí a fi òpin sí gbígbé àdá tòótọ́ lọ sórí ìtàgé. Ẹni tó ń jà lórí ìtàgé ń ronú ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, òógùn ń bọ́ sí i lójú, iná sì ń ṣíjú rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú pákó tí a fi fóòmù bò tí a kùn ní fàdákà, ẹ̀rín ni yóò dà. Bí àdá tòótọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Ìjà orí ìtàgé, ijó ni: kí a ka ẹsẹ̀ rẹ̀, kí a kọ́ ọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí a má sì fojú sun orí ẹnikẹ́ni. Ní ilẹ̀ Faransé, àjọ tó ń mójú tó eré ìfidàjà ti sọ ìjà idà ìmọ́lẹ̀ di eré ìdárayá láti ọdún 2019, ìbòjú àti ìbọ̀wọ́ sì ni wọ́n ń wọ̀ ṣe é.

Ẹ̀karùn-ún, kí a fi àpò bo iṣẹ́ wa bí a bá ń gbé e kọjá ní ìgboro. Láti òkèèrè, ọlọ́pàá kò lè mọ̀ pé páìpù béèsìnì ni. Kí a má ṣe dúró dìgbà tí a ó máa ṣàlàyé.

Orúkọ tí ó yẹ kí a pè é

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wa yóò fẹ́ bi mí pé kí ni ó kan ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá nínú gbogbo èyí. Ó kàn án. Bí a bá ń ṣe nǹkan tí a kò rí orúkọ pè é, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan ni Yorùbá wà fún. Iṣẹ́ èdè-ìperí kò gbọdọ̀ mọ sí gírámà àti lítíréṣọ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀ fún wa. A ní èèkù, a ní àkọ̀, a ní ṣóńṣó, a ní ojú idà. Ìtàn Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ ní Idà Ọ̀rànmíyàn. Kódà, idà oníná kì í ṣe àjèjì nínú ìwé Yorùbá. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kẹta, "idà iná" ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì pe èyí tó ń ṣọ́ ọ̀nà ọgbà Édẹ́nì, odidi Bíbélì Yorùbá sì ti jáde láti ọdún 1884. Ṣùgbọ́n mo fara mọ́ "idà ìmọ́lẹ̀" ju "idà iná" lọ fún ohun tí a ń sọ yìí, nítorí pé iná ń jó, ọ̀rọ̀ náà sì lè dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀; ìmọ́lẹ̀ ni à ń ṣe. Ìṣòro kan wà ṣá o. Ọwọ́ ni à ń yọ idà lásán láti inú àkọ̀, ṣùgbọ́n idà ìmọ́lẹ̀ kò ní àkọ̀. Inú èèkù ni ojú rẹ̀ ti ń yọ, inú èèkù náà ni ó sì ń padà sí. Kí ni a óò pe ìyẹn? Ṣé a óò ní "ó yọ idà" ni, àbí "ó tan idà"? Mo fi èyí sílẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé kí ẹ bá mi rò ó.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti rí i pé àlòkù ni idà tó lókìkí jù nínú sinimá sáyẹ́ǹsì ti wá, àti pé agbègbè Aláúsá, Ìkẹjà àti Agége kò ṣe aláìní ohun èlò àti ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. A ti to ìgbésẹ̀ mẹ́fà, a sì ti ka ewu márùn-ún. Ohun tó kù ni kí ènìyàn dìde. Ẹni tó bá lè ṣe èèkù idà ìmọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á mọ ṣíṣe idà ológun fún eré onítàn wa. Sinimá bíi Aníkúlápó ti ọdún 2022 àti Jagun Jagun ti ọdún 2023 sì ti fi hàn pé ayé ṣetán láti wo jagunjagun Yorùbá. Ẹnì kan ni yóò ṣe idà tí wọn yóò dì mú nínú èyí tó ń bọ̀, tó lè jẹ́ ìtàn ọdún ẹgbẹ̀rún tí ń bọ̀, tí akọni rẹ̀ yóò máa sọ Yorùbá láàárín ìràwọ̀.

Kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ má ṣe dúró de dọ́là. Kí ó mú rúlà àti páálí, kí ó gba ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi lọ, kí ó sì kí i dáadáa. Ọwọ́ tó bá ti tẹ èèkù ni ó lè bèèrè ìyókù.